Ẹran Tó Kú Fúnra Rẹ̀: Ẹ Má Ṣe Fi Ọ̀bẹ Kàn Án

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ẹran ọ̀sìn fún àǹfààní wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sọ̀hábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa ní ìmọ̀ràn ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwa ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, tí ìbà Lassa ti bá fínra, mọ̀ pé àrùn ara ẹranko kì í ṣe ìtàn àlọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìjọba kéde pé àrùn anthrax ti yọ ní oko ẹran kan ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn ẹran ṣàdédé kú, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní imú, ojú àti etí wọn. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ màlúù tí à ń pa ní Ọ̀wọ̀ àti Ifọ́n ti ń wá. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Ojú ọgbẹ́ ni àrùn yìí sábà máa ń gbà wọ awọ ara. Yóò kọ́kọ́ wú bí ibi tí kòkòrò jẹ, a sì máa yún. Yóò lé ròrò, yóò wá di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú bí èédú. Egbò náà kì í sábà dunni, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń fojú kéré rẹ̀. Alápatà tàbí adaran tó bá rí irú rẹ̀ lára, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí oògùn rẹ̀ wà.

Súrà Máídà, àáyà 3, ṣe òkúǹbete ní èèwọ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kú lóru, tó wá fi ọ̀bẹ kan ọrùn rẹ̀ láàárọ̀ kí ó lè rí i tà, kò sọ ọ́ di haláàlì. Ó tún tú àrùn sílẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá kan kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ náà, a máa di ohun líle bí irúgbìn, tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ẹran mìíràn yóò fi jẹko níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wí pé hádíìsì inú Sọhíhu Muslim gba awọ àgùntàn tó kú láàyè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awọ tí a ti fi oògùn ṣe fún ìlò ni. Jíjẹ rẹ̀ ṣì jẹ́ èèwọ̀, jíjẹ sì ni pọ̀mọ́. Bákan náà, Ànábì kọ̀ fún wa láti ni ara wa tàbí ẹlòmíràn lára. Ẹran tí a fura sí àrùn lára rẹ̀, a kò gbọdọ̀ bó awọ rẹ̀ rárá.

A mọ̀ pé owó ńlá ni màlúù kan, gbèsè sì lè wà lọ́rùn olówó rẹ̀. Síbẹ̀, owó òkúǹbete kò ní ìbùkún, ẹ̀mí alápatà àti ti àwọn ọmọ tí yóò jẹ ẹran náà sì wúwo ju gbèsè lọ.

Nítorí náà, bí ẹran bá ṣàdédé kú:
1. Ẹ má dú u, ẹ má bó o, ẹ má là á.
2. Ẹ pe dókítà ẹran kíákíá.
3. Ẹ sun ún, tàbí kí ẹ sin ín sínú kòtò jíjìn, bí dókítà bá ṣe wí.
4. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún èyí tó kù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.
5. Ẹ má da ẹran aláìsàn pọ̀ mọ́ èyí tó lera. Ànábì ti kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹni tó bá sin màlúù rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dáwó fún un.

Kí Ọlọ́hun fi èyí tó dára jù rọ́pò fún un, kí Ó sì dáàbò bo awọ ara wa àti ẹ̀sìn wa. Àmín.