Eré Ìdárayá Dára, Ṣùgbọ́n Ó Ní Ìwọ̀n

Ọ̀rọ̀ ìlera la ó sọ lónìí. A máa ń sọ ọ́ níbí pé eré ìdárayá dára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tó dára lè pọ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ ni o. Iyọ̀ dára lọ́bẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin kọ ebè iṣu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó ṣe dé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje: lóṣòó, dìde, lóṣòó, dìde, ta ni yóò ṣe é jù? Ó ṣe é tó igba. Lọ́jọ́ kejì, itan rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kẹta, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi Coca-Cola. Ìyá wa ní ibà ni, ó ti fẹ́ se àgbo. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi fa omi sí i lára kí ìtọ̀ náà tó mọ́.

Kí ló fà á? Bí a bá lo iṣan ju agbára rẹ̀ lọ, á máa bàjẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín ni asẹ́ ara wa. Tí ìdọ̀tí bá pọ̀ jù, asẹ́ á dí. Oògùn ara ríro tí à ń rà lọ́jà sì lè dá kún un, pàápàá tí omi bá ti gbẹ lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Ìtọ̀ dúdú, tàbí ìtọ̀ tí kò fẹ́ jáde mọ́: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.
2. Àyà dídùn, òòyì tàbí dídákú lẹ́nu eré: ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà.
3. Àárẹ̀ tí oorun kò lé lọ, tàbí ọkàn tó ń sáré kí ẹ tó dìde lórí ẹní: ẹ sinmi.
4. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, tí kò sì lóyún: oúnjẹ rẹ̀ lè má tó iṣẹ́ tó ń ṣe. Kó lọ fi hàn wọ́n nílé ìwòsàn.

Báwo ni ká ṣe é? Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìdajì wákàtí lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti tó 150. Oko ríro, omi pípọn, fífi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ ti ṣe tirẹ̀. Kó má fi ẹrù lé ẹrù. Ẹni tó jókòó ránṣọ ní gbogbo ọjọ́, òun ló yẹ kó dìde rìn.

Ẹni tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ yẹra fún oòrùn ọ̀sán, ẹ mu omi, ẹ jẹun. Ẹni tí ibà ń ṣe, kó má sáré. Ẹ ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀, torí ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú lórí pápá ní Èkó ní 12 August 1989, nígbà tí wọ́n ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ga. Ara tó le lójú lè ní àìsàn nínú. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré tó lágbára.

Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, ẹ bi àwọn ọmọ yín: tí ìtọ̀ bá dúdú lẹ́yìn eré, kí la ó ṣe? Tí wọ́n bá dáhùn pé ilé ìwòsàn ni, ẹ̀kọ́ wa ti wọlé.