Òkèèrè Ni Olójú Jínjìn Ti Ń Mẹ́kún Sun

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Òwe yìí ló yẹ ká fi dá àwọn tó pe Angelina Jolie ní aláṣejù lóhùn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí òṣèré Amẹ́ríkà náà kéde pé òun ti jẹ́ kí wọ́n gé ọmú òun méjèèjì, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ kò tíì sí níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ti pa ìyá rẹ̀ lẹ́ni ọdún 56. Àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé ó jogún àléébù nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA1. Nínú 100 obìnrin tó bá ní àléébù yìí, nǹkan bí 70 ni jẹjẹrẹ ọmú lè mú kí wọ́n tó pé ẹni 80 ọdún. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní í ronú ọ̀bẹ?

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó di èèkàn ní Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò, wọ́n lé ní 1,100. Nínú èsì tó jáde ní 2018, nǹkan bí 15 nínú 100 wọn ló jogún àléébù BRCA1 tàbí irú àléébù mìíràn. Ìdílé bàbá náà sì kà nínú ogún yìí o. Ọ̀pọ̀ ń ka ikú tó wà níhà ìyá, wọ́n á gbàgbé àbúrò bàbá wọn obìnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹni tó ní àrùn náà bá ṣì wà láàyè nínú ẹbí, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí àléébù lára rẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń wá lára yín. Bí kò bá sí lára yín, ọkàn á balẹ̀. Ẹni tó dá àyẹ̀wò tirẹ̀ ṣe, tí wọn ò rí nǹkan kan, ṣì lè wà nínú iyèméjì.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan tó ní àléébù náà ń ya àwòrán MRI àti mammogram lọ́dọọdún. Ìyẹn kì í dènà àrùn, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n tètè rí i ni. Àwọn mìíràn ń lo oògùn tamoxifen. Iṣẹ́ abẹ ló ń dín ewu kù jù, ó tó 90 nínú 100, síbẹ̀ kì í gbá a tán. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmú ni gbogbo ẹnu ń sọ, nígbà tí àléébù BRCA1 yìí kan náà lè fa jẹjẹrẹ ilé ẹyin, tí kò sí àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé láti fi tètè rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gba ẹni tó bá ti bímọ tán nímọ̀ràn pé kó yọ ilé ẹyin náà láàárín ọdún 35 sí 40. Jolie ṣe é ní 2015. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Ní ti ohun tí wọn yóò fi rọ́pò ọmú, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọkọ á sọ tirẹ̀, ìyá ọkọ á sọ tirẹ̀, oníṣẹ́ abẹ náà á ní èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ẹni tó gé ọmú lónìí lè dúró di ẹ̀yìn ọ̀la kó tó tún un ṣe, tàbí kó má ṣe é rárá, kí àyà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ kẹ́yìn nìyẹn; òun ni èmi ì bá kọ́kọ́ gbọ́. Báàgì sílíkónì kì í pẹ́ fi sí, ara sì ń tètè yá, àmọ́ kì í báni kalẹ́: ó lè le gbagidi, ó lè bẹ́, wọ́n á sì tún la ara láti pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ikùn ni wọ́n gbé lọ sí àyà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè bù ú níbẹ̀. Àmọ́ ẹran ara ẹni ni, bí a bá sanra á sanra. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọmọ kò ní í mu ún mọ́, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1998 fi dandan lé e pé ilé iṣẹ́ adójútòfò tó bá san owó gígé ọmú gbọ́dọ̀ san ti títún un ṣe. Nílé ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ló sábà máa ń ti jáde, nítorí náà ẹ béèrè owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú mọ́ ti òní. Bí àpá yín bá sì máa ń wú, ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ kó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, kí ẹ ní kó fi àwòrán aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe iṣẹ́ fún hàn yín, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Bí kò bá ní, ẹ wá ẹlòmíràn tó ní.