Agbàmì, Ajúwe-Ọ̀nà àti Asọ̀rọ̀mágbèsì: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ojúkò Hàn

1. Ìfáárà

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Ìjan-Èkìtì ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ó ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan ní Adó-Èkìtì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa fi ya àwòrán ilẹ̀ agbègbè wọn, láti ẹ̀bá títì tí ó ti Adó wá, tí ó sì kọjá lọ sí ọ̀nà Ìkàrẹ́, títí dé àwọn ọ̀nà oko. Òǹtajà ti fi dá a lójú pé ẹ̀rọ náà “ní GPS.” Nígbà tí wọ́n dé oko, àwòrán ilẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Wi-Fi nìkan ni ó ní. Ọ̀pọ̀ irú tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni kò ní ohun tí ń gba àmì láti ojú ọ̀run. Ìbéèrè olùkọ́ náà kò gùn: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni ǹ bá ti pe ohun tí kò sí nínú rẹ̀ yìí, tí òǹtajà kì bá fi rẹ́ mi jẹ?”

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Èyí tí ó kù di tiwa.

2. Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́

A kò lè sọ nǹkan lórúkọ láìmọ iṣẹ́ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó ni àwọn sátẹ́láìtì GPS. Wọ́n fi àkọ́kọ́ wọn ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní ọdún 1978. Ní ọdún 1995, wọ́n kéde pé ètò náà ti pé, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 24. Nǹkan bí 20,200 kìlómítà ni wọ́n fi ga sí ilẹ̀. Ohun méjì pàtàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde láìsinmi: aago tí ó lù lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa yóò gbọ́, yóò sì wo iye àkókò tí ìkéde náà fi rìn. Nítorí pé àmì náà ń sáré ní nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìnà, ìdíwọ̀n ọ̀nà yóò fi 300 mítà ṣìnà. Ìdí nìyí tí sátẹ́láìtì mẹ́ta kò fi tó: ẹ̀kẹrin ni a fi ń tún aago ẹ̀rọ ọwọ́ wa ṣe.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ọwọ́ wa kò dá sátẹ́láìtì lóhùn rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, tí wọ́n ń sọ pé “sátẹ́láìtì ń wò wá.” NigeriaSat-1, tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ ní ọdún 2003, máa ń wo ilẹ̀, ó sì máa ń ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ti GPS kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wa tí wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti bá wa sọ gbogbo rẹ̀ tán: a máa sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. N kò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣàlàyé sátẹ́láìtì yìí fún ọmọ ilé-ìwé tó bẹ́ẹ̀.

3. Àwọn orúkọ tí a dábàá

Ohun tí ó sọnù nínú tábúlẹ́ẹ̀tì olùkọ́ wa ni a dábàá pé kí a máa pè ní agbàmì: a- + gba + àmì, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá agbóhùnsílẹ̀. Ẹnìkan lè takò ó pé yóò dàrú mọ́ agbami òkun. Kò ní dàrú bí a bá fi àmì ohùn sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àmì ohùn sí i, wàhálà rẹ̀ ju agbàmì lọ.

Fún GPS gan-an, a kọ́kọ́ ro ibùdó, ṣùgbọ́n ibùdó ti di àgọ́ àti ibi ìpàgọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ipò sì ti jẹ mọ́ oyè. Ojúkò ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí a ń fẹ́ gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ètò afojúkòhàn.

Ètò tí ń sọ pé “yà sí ọ̀tún” ńkọ́? Àwọn kan ti ń lo atọ́nà. Mo tẹ́tí sí àwọn awakọ̀ ní Ìjan: wọn kì í sọ pé fóònù tọ́ àwọn sọ́nà, “ó júwe ọ̀nà” ni wọ́n ń wí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Atọ́nà a máa bá ni rìn, ó sì ti rin ọ̀nà náà rí; ẹni tí ó júwe ọ̀nà lè má tíì dé ibẹ̀, ó sì lè júwe afárá tí omi ti gbé lọ. Ajúwe-ọ̀nà ni kí a mú. Láti ọdún 2019 ni Google ti fi ohùn ọmọ Nàìjíríà sínú ajúwe-ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà ń sọ.

Bluetooth kò yẹ ní títúmọ̀. Orúkọ ìnagijẹ Harald, ọba ilẹ̀ Dẹ́mákì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni; ẹni tí ó bá pè é ní “eyín aláró” kò ṣàlàyé ohunkóhun fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ bí ó ti wà, kí ẹnu pè é ní búlútúùtù. Ṣùgbọ́n agbàmì kékeré tí ń gba àmì lójú ọ̀run, tí ó sì ń fi Bluetooth ta á látagbà sí tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ju nǹkan bí mítà mẹ́wàá lọ sí i, ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀: agbàmì alátagbà.

Òun náà ni mo ní kí olùkọ́ wa wá rà, dípò tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo ní kí ó béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó sanwó: ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gba irú agbàmì alátagbà yìí, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń gbà á; ṣé ajúwe-ọ̀nà rẹ̀ lè lo àwòrán-ilẹ̀ tí a ti kó pamọ́ sínú ẹ̀rọ, nígbà tí kò bá sí dátà lóko; báwo sì ni bátìrì agbàmì náà yóò ti pẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dà mí láàmú. Òbìrí kan wà tí ó máa ń yí ojúkò ká lójú fóònù, tí ó ń fẹ̀, tí ó sì ń sún kì. Ìwọ̀n ibi tí ẹ̀rọ kò ti dá ara rẹ̀ lójú ni. Mo ti ń pè é ní agbo iyèméjì. Ẹ bá mi lò ó fún sáà ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa bí àwọn ọmọ bá rí orúkọ tí ó sàn jù ú lọ.