BÍṢỌ́Ọ̀BÙ SAMUEL ÀJÀYÍ CROWTHER

Gbogbo ẹni tí ó ń ka èdè Yorùbá tí ó sì ń kọ ọ́ lónìí ni ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin yìí tọ̀ dé ipò ọlá kò tẹ́jú rárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú ọmọ yìí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti kó o sínú ọkọ̀ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì mú Àjàyí lọ sí ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Ní ọdún 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọn kò ti fi ojú kan ara wọn. Ní ọdún 1848 ìyá náà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà.

Iṣẹ́ tí ó gbà á lọ́kàn jùlọ ni títúmọ̀ Bíbélì. Kò jókòó sínú ilé kí ó máa hun ọ̀rọ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ó máa ń tẹ́tí sí ẹnu àwọn ará ìlú, bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n sì ti ń pa òwe. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi àlùfáà, àdúrà àti wàásù, tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò tẹ́lẹ̀, wọ inú Bíbélì Yorùbá. Thomas King àti àwọn mìíràn ràn án lọ́wọ́, gbogbo Bíbélì sì parí ní ọdún 1884.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864 ni a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n Henry Townsend, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kò fẹ́ kí adúláwọ̀ ṣe olórí òyìnbó. Nítorí náà, a kò fi àwọn òyìnbó tí ó wà ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sí abẹ́ rẹ̀. Ìhà odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí.

Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dé sí odò Ọya. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀. Bàbá àgbà náà fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni a sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìwà tí a hù sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyèsí èyí. Àwọn alágbára lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba iṣẹ́ tí a ti ṣe dáradára. Àwọn tí ó rẹ Crowther sílẹ̀ ti kọjá lọ. Èdè tí ó fi sùúrù kọ sínú ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wa títí di òní.