Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ONÍMỌ́TÒ: RÍRẸ PÍKỌ́Ọ̀PÙ ÀTIJỌ́ SÍLẸ̀

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ilé kéwú. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ló jogún píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 lọ́wọ́ bàbá wọn, wọ́n tún un kùn, wọ́n sì fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó súnmọ́ ilẹ̀ bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ní, "Àáfà, irú sípíríǹgì wo ni kí a rà?" A kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot ní Nàìjíríà. Iwájú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ jókòó lórí sípíríǹgì tó ká yí ṣọ́ọ̀kì po; ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra. Nítorí náà, sípíríǹgì ẹ̀yìn 504 tí a fi ń kó èrò kò wúlò fún un, bí olówò tilẹ̀ búra.

Ní iwájú, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ tó sì burú jù ni kí wẹ́dà fi iná gé sípíríǹgì. Iná a máa pa agbára irin náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣẹ́, bóyá lójú ọ̀nà Sàpẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bí wọ́n tilẹ̀ fi ayùn gé e láìlo iná, èyí tó kù á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá sì kúrú jù, ó lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí táyà bá bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù. Èyí tí wọ́n ṣe ní kúkúrú láti ilé iṣẹ́ ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu.

Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò: ṣé áàsù wà lókè sípíríǹgì ni, àbí abẹ́ rẹ̀ ló wà? Bí ó bá wà lókè, búlọ́ọ̀kù irin tí a fi sáàrin àwọn méjèèjì yóò rẹ mọ́tò sílẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́, búlọ́ọ̀kù kan náà ni yóò gbé mọ́tò sókè! A ti rí ẹni tó ra búlọ́ọ̀kù lówó gọbọi, tí mọ́tò rẹ̀ wá ga bí èyí tó ń kó gẹdú. Fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa tú áàsù, wọ́n a gbé e sórí sípíríǹgì. Mọ́tò á wálẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé ibì kan lára ṣásí kí áàsù má baà máa gbá a. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí wẹ́dà ẹ̀bá títì gé ṣásí òun. Àwọn mìíràn ń yọ pẹlẹbẹ kan tàbí méjì; mọ́tò á rẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ẹrù rẹ̀ ti bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí bíréèkì. Lára àwọn píkọ́ọ̀pù kan, irú bíi Hilux, fáàfù kan wà lẹ́yìn tó ń fi bí mọ́tò ṣe wálẹ̀ mọ bí ẹrù ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá rẹ mọ́tò sílẹ̀, fáàfù á rò pé ẹrù kún un, á fi kún agbára bíréèkì ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn á há lójijì nínú òjò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó lówó lè lo báàgì afẹ́fẹ́ tó ń gbé mọ́tò sókè sódò. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1958, òfin California ní kí ohunkóhun lára mọ́tò má ṣe rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rímù lọ. Ní 1959 ni Ron Aguirre fi páḿpù ọkọ̀ òfurufú sí mọ́tò tirẹ̀, kí ó lè gbé e sókè bí ó bá rí ọlọ́pàá. (Ọ̀dọ́ ò yàtọ̀ níbikíbi.) Ṣùgbọ́n báàgì a máa jò.

Ìlú omi sì ni Wàrí. Òjò ibí ju 2,500 mílímítà lọ lọ́dún. Ní 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà East-West ní agbègbè Pàtàní. Bí píkọ́ọ̀pù yín bá ṣì ń gbé ìrẹsì láti ọjà Ìgbúdù, òun ló ń bọ́ ìyá yín, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Bí wọn kò bá sì tíì pín ogún, ti gbogbo ọmọ ni: ẹ gba àṣẹ ìyá àti àwọn àbúrò kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ ọdún àti ìgbéyàwó nìkan, ínǹṣì kan àbọ̀ sí méjì tó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kó ènìyàn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, ẹ wà á jẹ́jẹ́, ẹ yí sitíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ tẹ́tí bóyá táyà ń ha fẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ fún aláìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, torí táyà iwájú tó bá tẹ̀ sínú kì í pẹ́ jẹ.