Kíki àti Líle Nínú Àtúnṣe Fóòmù Àga Ọkọ̀

Fóòmù àga ọkọ̀ jẹ́ ike tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Otto Bayer ṣe ní Jámánì ní 1937 ni orísun rẹ̀. Ìjókòó, ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń ba ògiri àwọn ihò náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí fóòmù fi ń rì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni òǹtumọ̀ kò gbọdọ̀ dàpọ̀. *Kíki* ni ìwúwo èròjà tí ó wà nínú àyè kan. *Líle* ni bí fóòmù ṣe ń tako ohun tí ó tẹ̀ ẹ́. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ẹ̀kọ mímu lè ki láìle. Bí ìwé bá pe méjèèjì ní *líle*, oníṣẹ́ lè ra fóòmù tí ó le ṣùgbọ́n tí kò ki. Kò ní pẹ́ rì.

Àpẹẹrẹ ìlò: ‘Bọ́ aṣọ àga. Gé ibi tí ó rì kúrò. Fi fóòmù tí kíki àti líle rẹ̀ bá ti àtilẹ̀wá mu dípò rẹ̀. Fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ó gbẹ kí o tó dá aṣọ padà.’