Ohun Tó Ń Dá Ọmọ Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì

Ní Ìbàràpá méje, láti Igbó-Ọrà dé Ẹ̀rúwà, láti Láńlátẹ̀ dé Ìgàngán, kò sí àgbẹ̀ tàbí ìyá onígàrí tí kì í gbàdúrà pé kí ọmọ òun di ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ọ̀nà yunifásítì ló ń ti agbedeméjì padà wálé, tí aráyé a sì máa sọ pé ayé ló ṣe wọ́n, tàbí pé orí wọn kò gbé ìwé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ń dá wọn padà hàn gbangba sí ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó.

Ní 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé, 400 sì ni àpapọ̀ máàkì rẹ̀. Àwọn tí kò rí ibi wọlé níbẹ̀ ló ń forí lé ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ọlọ́dún kan: IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, tàbí JUPEB, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì yege dáadáa lè wọ ọdún kejì ní yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò lè rọ́pò kírẹ́dì márùn-ún ìwé mẹ́wàá, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, tí ìṣirò kì í sì í sábà gbẹ́yìn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ tí kò ní kírẹ́dì ìṣirò, tí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì là á yé e, lè yege IJMB tán kí yunifásítì má gbà á. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ló ń lé òmíràn gun ọ̀kadà.

Owó ẹ̀kọ́ náà ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni òbí ń san án, ìdá kejì a sì bọ́ sí ìgbà tí owó ẹ̀gẹ́ lọ sílẹ̀ ní ọjà Tọwọ́bọwọ́. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ti pọ̀ bí nǹkan míì, Táíwò àti Kẹ́hìndé a jọ parí ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, owó méjì a sì máa wá àpò kan ṣoṣo; a máa ń rí ilé tí ọ̀kan ti jókòó kí èkejì lè lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun ni dé egungun.

Kì í ṣe ọlọ́pọlọ pípé nìkan ló ń yege. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yege ló ní ẹni tó ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kó ara wọn jọ lálẹ́ sídìí iná kan láti yanjú ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀nà kan kò sì wọjà: NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń gbà ní Láńlátẹ̀, tàbí dípúlómà Pólì Ẹ̀rúwà, a máa gbé ènìyàn dé yunifásítì, tòsí oúnjẹ ilé ló sì wà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ gba èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. A1, B2, B3, C4, C5 àti C6 ni kírẹ́dì. D7 àti E8 kì í ṣe kírẹ́dì. Ẹni tó gba F9 ti fìdí rẹmi. Bí ẹ bá rí D7 níwájú èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò, àtúnṣe ìdánwò yẹn ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí.